Ìwé wo ló yẹ ọmọ wo? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́

Ìyá Ìbejì, Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin mi àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 13. Àwọn ìbejì jẹ́ ọmọ ọdún 7, CP ni wọ́n wà, ìyẹn kíláàsì kejì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìdòwú ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 3.

Ní oṣù tó kọjá, mo ra ìwé ìtàn kan fáwọn ìbejì lọ́jà. Ẹni tó tà á fún mi ní "ti CP ni", mo sì gbà á gbọ́ torí pé àwòrán iwájú rẹ̀ wù mí. Nígbà tí a délé, Táyé kà á dé ojú ewé kejì, ó dákẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kẹ́hìndé gbà á, ó ń kà á lọ ràì, inú mi sì dùn. Ìgbà tó yá ni mo fi ọwọ́ bo àwòrán tí mo ní kó ka ìlà kan ṣoṣo fún mi. Kò mọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Àwòrán ló ń wò tó fi ń sọ ìtàn látinú ara rẹ̀.

Faransé mi kò jinlẹ̀. Yorùbá ni mo lè kà dáadáa, nítorí Bíbélì. Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwé tó bá ọmọ mu kí n tó sanwó? Ṣé Faransé ni kí n rà ni àbí Yorùbá? Ti àgbà wọn ńkọ́, tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló ń wò? Owó kò sí láti máa fi dán nǹkan wò o.

Tíṣà, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe Táyé kẹ́ ẹ sọ fún un pé kò ṣe ohunkóhun tó burú. Ìwé yẹn ló wúwo jù fún un. Kẹ́hìndé náà kò tàn yín jẹ. Ọ̀nà tí ọmọ ń gbà kó tó mọ̀wé kà nìyẹn: á máa wo àwòrán, á máa fẹnu ara rẹ̀ hun ìtàn. Ọmọ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé ìtàn ní orí, ó ní ìdí.

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ CI (kíláàsì àkọ́kọ́) àti CP, "ti CP ni" kò sì tó nǹkan lójú mi mọ́. Nínú kíláàsì kan náà, ẹ óò rí ọmọ tó ń ka odindi ojú ewé láìdúró, ẹ óò sì rí èyí tí b àti d ṣì ń dàpọ̀ mọ́ra wọn lójú. Ọmọ ni kẹ́ ẹ wò.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣí àárín ìwé. Ẹ má ṣe lo ojú ewé àkọ́kọ́, torí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé sábà máa ń rọrùn. Kó kà á sókè. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀, kó ká ìka kan. Bí ojú ewé bá parí tí kò ká ìka kankan, tàbí tó ká ẹyọ kan, ìwé náà rọrùn fún un, ó lè máa fi gbádùn ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, òun gan-an lẹ̀ ń wá. Bí ọwọ́ bá di ẹ̀ṣẹ́ kí ojú ewé tó parí, ẹ dá ìwé padà fún alátẹ, àfi tí àgbà kan bá wà nílé tí yóò máa kà á fún un. Àmọ́ nínú ìwé àwọn ọmọ kéékèèké tí ọ̀rọ̀ ojú ewé rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, ẹ má dúró de ìka márùn-ún. Méjì ti pọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa ìwé dé, kẹ́ ẹ ní kó fi Yorùbá sọ ohun tó kà fún yín. Ìyá Ìbejì, ibí yìí ni agbára yín wà, tẹ́ ẹ ní Faransé yín kò jinlẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó ka Faransé geere bí omi, tí mo bi í pé "kí ló ṣẹlẹ̀ sí ajá yẹn?", tó ní kò sí ajá níbẹ̀. Ajá wà nínú ìlà mẹ́ta. Ẹnu rẹ̀ ló kàwé, òye rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn í gbọ́ ló lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kò dìgbà téèyàn bá mọ Faransé.

Ẹ tún rántí pé Faransé kì í sọ gbogbo lẹ́tà tó bá kọ sílẹ̀. Ẹ wo "bateau", "gâteau", "chapeau": lẹ́tà mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ohùn "ó" kan ṣoṣo ló sì ń jáde. Ẹ wo "ils mangent": lẹ́tà mẹ́ta ìkẹyìn dákẹ́ pátápátá. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá láti inú ilé wá, tó mọ̀ pé gbogbo ohun tí a bá kọ là ń pè, iṣẹ́ ńlá nìyẹn jẹ́ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ ìwé tí ọ̀rọ̀ kan náà ń padà wá nínú rẹ̀, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, tí ìlà kan tàbí méjì péré wà lábẹ́ àwòrán. Àwa àgbà máa ń rò pé àtúnwí ń sú ọmọ. Kì í sú u rárá. Ẹ wo orin àlọ́: ègbè kan náà là ń gbè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹ bá sì gbìyànjú láti fò ó, ọmọ ló máa kọ́kọ́ pariwo.

Tí wọ́n bá dé CE1 sí CE2 (kíláàsì kẹta àti ìkẹrin), ẹ wá ìwé tí a pín sí orí kéékèèké, kí orí kan tó ohun tí ọmọ lè kà tán kí oorun tó gbé e lọ. Ní CM1 àti CM2 (ìkarùn-ún àti ìkẹfà), ọmọ ti ń kàwé kó lè mọ nǹkan: ẹranko, ìràwọ̀, bọ́ọ̀lù, ìtàn ọba. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí ọmọ tó bá débẹ̀ dáadáa, òun ni yóò máa bi yín pé ìwé dà.

Alátẹ Ìwé, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ìwé àlòkù ni mò ń tà. Ẹ má bínú sí ẹni tó tà á fún yín, púpọ̀ nínú wa ni kì í ka ohun tó wà lórí àtẹ wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí èmi fúnra mi máa ń wò tí mo bá ń rajà.

Ẹ fi àtàǹpàkò ra ojú ewé. Bí dúdú rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, fọ́tókópì ni, kò sì ní pẹ́ ṣí. Ẹ tún wo àmì orí lẹ́tà: nínú fọ́tókópì tí kò dára, é àti è máa ń jọra. Àgbà lè fọkàn gbé e, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò lè rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àárín ìwé gan-an níbi tí irin ti dì í mú. Ibẹ̀ ni ewé ti máa ń já sọnù. Ọmọ tó ka ìtàn dé ibi tí ìkookò ti fẹ́ gbé ọmọ ewúrẹ́, tí ojú ewé 14 wá fò bọ́ sí 19, inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ mú ọmọ wá sọ́jà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ máa mú wá. Ẹ mú ojú rẹ̀ wá fún ti ìwé. Alátẹ tó bá ní kí ọmọ má fọwọ́ kan ìwé, ẹ bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Bó bá sì jẹ́ tuntun lẹ fẹ́, ilé ìtẹ̀wé Ruisseaux d'Afrique wà ní Kútọnù, ìwé ọmọdé sì ni iṣẹ́ wọn. Ọmọ máa ń tètè wọnú ìwé tí ó bá bá ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀ pàdé nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìdẹ́nà, Kétu

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Faransé ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ wo àwọn ìdánwò wa: Faransé ni CEP, Faransé ni BEPC, Faransé ni BAC. Ọmọ ti ń gbọ́ Yorùbá nílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí ló fẹ́ fi ìwé rẹ̀ ṣe? Owó kékeré tí a ní, ibi tí yóò ti so èso ni ká sin ín sí.

Olùkọ́ Èdè, Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló mú yín sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí: ọmọ kì í kọ́ ìwé kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tó bá ti yé e pé àmì orí bébà ń sọ̀rọ̀, ó ti yé e nìyẹn, èdè yòówù kó jẹ́. Yorùbá ni ọ̀nà tó kúrú jù láti débẹ̀ fún ọmọ wa, nítorí pé ó ti mọ ọ̀rọ̀ náà létí kó tó rí i lójú. Tó bá ka "ewúrẹ́", ewúrẹ́ yọ sí i lọ́kàn. Tó bá ka "chèvre", ó ní láti kọ́kọ́ wá ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má ra Faransé. Ẹ ra méjèèjì, kí Yorùbá jẹ́ àtẹ̀gùn.

Ohun kan wà tó ń da ọmọ láàmú tí a kì í sábà sọ. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún àwọn èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tiwa náà sì wà níbẹ̀. Níbẹ̀, ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ, wọ́n ń kọ sh, wọ́n sì ń kọ kp. Ìwé tó bá ti Nàìjíríà wá ń kọ ẹ, ọ, ṣ àti p. Ọmọ àbúrò mi rí "pẹ́pẹ́yẹ" nínú ìwé kan tí mo gbé ti Ìbàdàn bọ̀. Ó kà á pẹ̀lú p inú "papa". Ó wo àwòrán, ó wo ọ̀rọ̀, ó tún wo ojú mi, ó ní, "Ṣé wọ́n ṣì í kọ ni?" Mo fi bírò kọ "kpɛ́kpɛ́yɛ" sábẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Látìgbà náà, mo máa ń lẹ bébà kékeré kan mọ́ inú èèpo ìwé: ẹ ni ɛ, ọ ni ɔ, ṣ ni sh, p ni kp. Ìlà mẹ́rin péré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ kò wò ó mọ́.

Ẹ má sì ra ìwé Yorùbá tí kò ní àmì ohùn fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé. "Igba" lásán, ta ni yóò mọ̀ bóyá igba ni, igbá ni, ìgbà ni, àbí ìgbá? Àgbà á fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ̀ ọ́n. Ọmọ á dúró síbẹ̀.

Ọmọ Ìdẹ́nà, Kétu

Ti "ọmọ kì í kọ́ ìwé kíkà lẹ́ẹ̀mejì" yẹn wọ̀ mí lára. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n níbo lẹ ti ń rí ìwé Yorùbá ọmọdé ní Kétu? Mo wá a tì.

Tíṣà, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ wá African Storybook lórí fóònù yín. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn ìtàn Yorùbá wà níbẹ̀, ti Faransé náà wà, ẹ sì lè tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Wọ́n ti pín in sí ìpele láti orí ọ̀rọ̀ ẹyọ-ẹyọ, sí gbólóhùn àkọ́kọ́, sí ìpínrọ̀, títí dé èyí tí àgbà ń kà fún ọmọ. Ẹ tún béèrè bóyá ilé ìkàwé CLAC wà nítòsí yín. Ọmọ lè yá ìwé níbẹ̀, kó dá a padà, kó yá òmíràn. Fún ẹni tí owó ń ṣòro fún, ìyẹn ló dára jù.

Ìyá Àgbà, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ti ń kàwé, ẹ gbàgbé Ìdòwú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń fẹ́ ìwé líle tí kò ní ya, tí nǹkan kan péré wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan: ìkòkò, ewúrẹ́, bàtà. Kó jẹ́ ohun tó ń rí lágbàlá. Bó bá jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹ má gbà á. Bó bá yí orí rẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e lé itan, ẹ jẹ́ kó ṣí i fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ máa béèrè pé, "Ta nìyí? Kí ló ń jẹ? Níbo ló ń lọ?" Èmi ò mọ Faransé kà. Mo sì ti "ka" ìwé Faransé fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, Yorùbá ni mo ń fi àwòrán rẹ̀ sọ. Kò sí ọ̀kan tó bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní èyí tí kò náni lówó. Ẹ mú ìwé àjákọ kan, ẹ gé e sí méjì, ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an láàárín. Ẹ pa àlọ́ kan fún ọmọ lálẹ́. Lọ́jọ́ kejì, kó ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ̀yin kọ ìlà kan sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe pè é lẹ́nu. Ẹ má tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Bó bá pè é bí a ṣe ń pè é ní Kétu, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọ-ọmọ kan tí ìwé àkọ́kọ́ tó kà tán láyé rẹ̀ jẹ́ èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Ó ti wà ní ilé ìwé gíga báyìí, ìwé náà sì wà nínú àpótí mi.

Ohun kan sì kù: tí àwọn ìbejì bá ti mọ̀ọ́ kà, ẹ má dẹ́kun kíkà fún wọn. Etí ọmọ máa ń gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ kò tíì lè kà.

Àlùfáà Kékeré, Àjàṣẹ́

Àsàláámù àléékúmù. Ọ̀rọ̀ kékeré ni tèmi. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ ilé-kéwú máa ń ṣí ìwé Faransé láti ẹ̀yìn, torí ọwọ́ ọ̀tún ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ kéwú. Ẹ má pariwo mọ́ wọn. Ẹ fi pẹ́ńsù ya ọfà kékeré sí igun èèpo iwájú, ó tán. Èmi rí i pé ọmọ tó ti ń ka kéwú ti mọ bí a ṣe ń fìka tọ ìlà. Ìrànlọ́wọ́ ńlá nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́, Abomey-Calavi

Mo kí ẹ̀yin ìyá mi àti bàbá mi. Ọmọ Kétu ni mí, ọmọ ogún ọdún, mo wà ní yunifásítì. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 13, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n rà fún mi: ìwé ìbéèrè ìdánwò. Mo kórìíra rẹ̀. Ìwé tó mú mi padà sídìí ìwé jẹ́ èyí tí a fi àwòrán sọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí ọ̀rọ̀ wà nínú àpótí kéékèèké. Àwọn àgbà ní ìranù ni. Ṣùgbọ́n mo kà á, mo tún un kà, mo wá òmíràn, lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá bọ́ sí èyí tí kò ní àwòrán. Ẹ má gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ yín.

Ọmọ ọdún 13 fẹ́ ka nípa ẹni tó fi ọdún kan tàbí méjì jù ú lọ. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara rẹ̀ tí kò rí ẹni bi. Ó fẹ́ mọ ohun téèyàn ń ṣe nígbà tí ọ̀rẹ́ bá dalẹ̀. Ẹ mú ìwé mẹ́ta wá, kó yan ọ̀kan. Bó bá kà á dé ìdajì tí kò wù ú, ẹ jẹ́ kó fi sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ orí fóònù ló ti ń ka ìtàn, ìwé náà ló ń kà yẹn.

Tó bá tó ọdún 16 tàbí 17, méjì wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí. Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́ níbí, kọ Doguicimi ní Faransé. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní Yorùbá. Ọdún kan náà, 1938, ni méjèèjì jáde. Ti Hazoumé nípọn, ìtàn ààfin Dàhómì nígbà ọba Gezo ni, ogun àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà kí àgbà wà nítòsí láti bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ti Fágúnwà, ẹ kà á sókè nínú ilé. Yorùbá rẹ̀ dùn létí ju lójú lọ.

Ìyá Ìbejì, Kétu

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí lórí ìwé tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wà nínú rẹ̀. Mi ò lè ka Faransé láti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ìyá Àgbà, Àjàṣẹ́

Ẹ ní kó máa ka apá kan fún yín lálẹ́, kó máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ẹ fi ẹ̀wà síná, kó jókòó tì yín. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti rẹlẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ bi í pé, "Kí ni ìwọ rò sí ohun tí ọmọkùnrin yẹn ṣe?" Ohun tẹ́ ẹ ti ń wá ọ̀nà láti bá a sọ láti bí ọdún kan, ìwé á là á fún yín. Bẹ́ ẹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kà á níbòmíràn, ẹ ò sì ní sí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kétu

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo ní kí n padà wá jíṣẹ́. Mo mú àwọn ìbejì lọ sọ́jà Àṣẹ̀ná. Ìwé àkọ́kọ́ tí Kẹ́hìndé gbé, ọwọ́ rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ́ kó tó dé àárín ojú ewé. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a padà, kò sì sunkún. Èyí tí Táyé mú jẹ́ ìtàn ewúrẹ́ kan tó ń wá ìyá rẹ̀, ìka méjì péré ló ká. Òun la rà, 500 sẹ́fà.

A ti rán ìwé tiwa náà. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Táyé ní kí a fi ṣe é. Ó ya ejò sórí agọ̀ rẹ̀, ó ní kí n kọ "Ejò yìí ò lè buni jẹ, igi ni" sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ń túmọ̀ ìwé kan fún mi nídìí ààrò, a ti dé ibi tí ọmọbìnrin inú rẹ̀ ti sá kúrò nílé, àwa méjèèjì ò sì tíì gbà lórí bóyá ó tọ̀nà.

Lálẹ́ àná, Táyé ka ìwé ewúrẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Ìdòwú ti ń bá a gbe ibi tí ewúrẹ́ ti ń ké pe ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà ti fẹ́ já báyìí. Kí ni mo lè fi lẹ̀ ẹ́?

Alátẹ Ìwé, Àjàṣẹ́

Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, yóò pọ́n, yóò sì ṣí. Abẹ́rẹ́ àti òwú tẹ́ ẹ fi rán ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ni. Ẹ gba ojú ihò tí irin ti wà tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ má baà da ihò tuntun lu bébà.